Ọjọ́ Tí Bíréèkì Mọ́tò Wa Tún Mú

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe pé ó mọ̀ nípa mọ́tò. Ìgbà tó ti gùn ún láyé rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ó mọ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yìn ni èmi àti òun jókòó sí, a gbé agbọ̀n iṣu sí àárín wa, ó sì ń wo ẹ̀yìn ọrùn ọmọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ níwájú. Lójijì ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó mi, kí ló dé tí èjìká ọkọ rẹ le báyìí?"

Kí n tó dáhùn, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọkọ mi lórí pákó tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ mọ́tò. Gbà! Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tún tẹ̀ ẹ́. Gbà! Irin bíréèkì tí dírẹ́bà ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ti lọ tààrà dé ilẹ̀, bí ẹni pé kò so mọ́ nǹkan kan. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá orí òkè tó wà láàárín Ìyìn àti Adó ni. Ìsọ̀kalẹ̀ ló wà níwájú wa, ọ̀nà pupa tí òjò ti gbẹ́ ní kòtò kòtò, àti ní ìsàlẹ̀ pátápátá, afárá onípákó tóóró kan.

Ọkọ mi fa bíréèkì ọwọ́. Ó ké fíìì, òórùn nǹkan tó ń jó gba inú mọ́tò, ṣùgbọ́n eré náà kò dínkù. Obìnrin kan tó ru igi ìdáná ń gòkè bọ̀ níwájú wa. Ọkọ mi fun fèrè, obìnrin náà ju ẹrù rẹ̀ nù, ó bẹ́ sínú igbó. Gbogbo ìgbà yìí, ọkọ mi kò pariwo. Ó kàn sọ wẹ́lẹ́ pé, "Ẹ di nǹkan mú," bí ẹni ń sọ fún wa pé kí á rọra nítorí kòtò kan.

Àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe ti kó yẹ̀pẹ̀ pupa jọ gegere sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nígbà náà. Ibẹ̀ ló dorí mọ́tò kọ. A gun òkìtì yẹ̀pẹ̀ náà, mọ́tò mì jìgìjìgì, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì dúró. Ẹ́ńjìnnì kú. Iṣu wa yí lọ sí ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọlu pákó afárá.

Ìyá ọkọ mi gbé ọwọ́ lé ikùn mi. Oyún mi ti tóbi nígbà náà, ilé ìgbẹ̀bí ìjọ tó wà ní Adó ni mo tilẹ̀ ń lọ lọ́jọ́ náà kí àwọn nọ́ọ̀sì lè yẹ̀ mí wò.

"Ṣé ó ń yí?"

Mo dúró dè é. Ọmọ náà ta mí nípàá.

"Ó ń yí, Ìyá."

Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì kọjú sí ọ̀nà Ìyìn.

"Mi ò ní fi ẹsẹ̀ kan nǹkan yìí mọ́ láyé mi. Ulé ni mò ń lọ."

Èmi àti òun jọ fi ẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn ni. Ní gbogbo ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lẹ́yìn mi.

Ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí, ó ku ọdún díẹ̀ kí ogun kejì àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ìkẹ́rẹ́ kí n tó lọ sílé ọkọ ní Ìyìn. Ọkọ mi ti jẹ́ dírẹ́bà fún oníṣòwò kòkó kan fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ọkùnrin náà ra mọ́tò tuntun, ọkọ mi ra ògbólógbòó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́tò kékeré aláwọ̀ ewé ni, òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ líle tí a lè ká sẹ́yìn. Ó ń fi kó èrò láti Ìyìn lọ sí Adó, nígbà mìíràn títí dé Ìkẹ́rẹ́. Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó tó fi omi bọ́jú tirẹ̀, á ti nu ojú mọ́tò yẹn.

Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kò nù ún mọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó kòkó ló fi okùn fà á wálé fún wa. Wọ́n gbé e sábẹ́ igi ọsàn tó wà lẹ́yìn ilé, ibẹ̀ ló sì wà. Ọkọ mi á jáde, á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sóko bàbá rẹ̀, kò ní wò ó. Àwọn èrò rẹ̀ ń wá béèrè rẹ̀, á ní mọ́tò ń ṣàìsàn. Ìyá rẹ̀ sọ fún un pé kó tà á, ó ní, "Mo ti gbọ́, Ìyá." Kò sọ pé òun yóò tà á, kò sì sọ pé òun ò ní tà á.

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó níta, mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ṣé ẹ ò ní pe mọ́kálíìkì wá wò ó ni?"

Ó ní, "Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà, ìwọ, ìyá mi àti ọmọ inú rẹ."

"Ẹ̀yin náà lẹ gbé wa dúró."

"Yẹ̀pẹ̀ ló gbé wa dúró. Bí yẹ̀pẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?"

Mo sọ fún un pé bó bá tà á báyìí, ẹlòmíràn ni yóò kó àwọn èèyàn rẹ̀ sínú rẹ̀, òun náà yóò sì sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn. Ó wò mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Adó.

Ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan ni mọ́kálíìkì tó mú wá. Ó ti pẹ́ ní Adó, ó tilẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, ṣùgbọ́n títí di ìgbà náà bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá pe ilé ní "ulé," á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ga, ó tinrin, ó sì máa ń bá mọ́tò sọ̀rọ̀ bó bá ń tú u. Ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn mọ́tò náà sókè, ó yọ táyà kan, ó sì fi òòlù lu ìkòkò irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní dúróòmù, títí ó fi bọ́. Òróró dúdú dà jáde sórí ilẹ̀.

"Áà, ìwọ ọkọ̀ yìí," ó ní. "Ṣé ohun tí ò ń gbé kiri nìyí?"

Ó pe ọkọ mi súnmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi náà gbé àpótí mi súnmọ́ wọn. Ó fi irin kékeré kan hàn wá níbi tí dúróòmù náà ti bọ́, kò ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Sílíńdà ni ó pè é. Ó ní ọ̀kan wà nídìí táyà kọ̀ọ̀kan. Bí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì, òróró á gba inú páìpù lọ sínú sílíńdà wọ̀nyí, á ti irin méjì síta, irin náà á sì fún mọ́ inú dúróòmù kí táyà má lè yí mọ́. Rọ́bà kékeré ló ń sé òróró mọ́ inú sílíńdà. Ó yọ rọ́bà náà jáde, ó gbé e lé ọwọ́ ọkọ mi. Ó ti wú, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀ bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi mọ́jú.

"Ẹnìkan ti da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú bíréèkì yín," ó ní. "Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń ba rọ́bà yìí jẹ́. Òróró tirẹ̀ yàtọ̀. Bí ọ̀kan bá sì ti jò, gbogbo rẹ̀ náà ló bà jẹ́ nìyẹn, nítorí òróró kan náà ni gbogbo wọn ń lò."

"Èmi kò da nǹkan kan sí i láti ìgbà tí mo ti rà á," ni ọkọ mi wí.

"Ó lè ti pẹ́ níbẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ẹ́."

Mo rí i tí ọkọ mi mí kanlẹ̀. Ó di rọ́bà wíwú náà mú, ó ń wò ó, ó sì ń wò ó. Ó jọ pé láti ọjọ́ yẹn wá, ó ti ń rò pé ẹsẹ̀ òun ni kò ṣe ohun tó yẹ.

Sílíńdà tuntun kò sí ní Adó, kò sí ní Àkúrẹ́. Dírẹ́bà akẹ́rù kan ló bá wa rà á bọ̀ láti Ìbàdàn. Àwa dúró, oyún mi sì ń tóbi sí i. Ìyá ọkọ mi ti ṣètò tirẹ̀. Ó ní òun ti bá ìyá àgbà kan tó ń gbẹ̀bí ní àdúgbò wa sọ̀rọ̀, kò sídìí tí mo fi gbọ́dọ̀ dé Adó. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi nígbà tí mo lọ sọ́dọ̀ wọn kẹ́yìn pé ọmọ náà kò dorí kodò, wọ́n sì ní kí n má ṣe bímọ sílé. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú, mò ń fi ọwọ́ pa ikùn mi ní òròòru, mò ń bẹ ọmọ náà pé kó yí padà.

Nígbà tí ẹrù dé, ó wà nínú bébà tí òróró ti rẹ. Àwọn sílíńdà náà ń dán, wọ́n tutù, wọ́n sì rẹwà lójú mi ju ohun ọ̀ṣọ́ lọ. Ìgò òróró náà wà pẹ̀lú wọn. Mọ́kálíìkì ṣí i, ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Kásítọ́ ọ́ìlì ló wà nínú rẹ̀, èyí tí ìyá mi máa ń rọ sí wa lẹ́nu nígbà tí inú bá ń run wá.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n gbé mọ́tò ka orí ìtì igi, táyà kò sí nídìí rẹ̀ mọ́, ó dàbí adìẹ tó sàba. Mọ́kálíìkì ń tú apá ọ̀tún, ọkọ mi ń tú apá òsì. Wọ́n fi òróró tuntun fọ inú àwọn páìpù, wọ́n sì pààrọ̀ rọ́bà inú sílíńdà ńlá tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà pẹ̀lú. Ohun gbogbo ń lọ dáadáa títí wọ́n fi dé táyà tó gbẹ̀yìn. Nọ́ọ̀tì tó di páìpù mọ́ sílíńdà àtijọ́ kọ̀, kò yí. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Mọ́kálíìkì fi sípánà tì í, sípánà yọ̀, ó fi ọwọ́ họ irin, ẹ̀jẹ̀ jáde.

"Ẹ jẹ́ n lọ wá iná," ó ní. "Bí a bá yan án, yóò tú."

"Bí páìpù bá ya ńkọ́?" ni ọkọ mi béèrè.

"Bó bá ya, Ìbàdàn ni a ó tún dúró dè nìyẹn."

Ọkọ mi wo ikùn mi, ó yára gbé ojú kúrò. Ó bu epo kẹrosíìnì díẹ̀, ó fi ìyẹ́ adìẹ kán an sí ìdí nọ́ọ̀tì náà, ó ní kí gbogbo wa lọ jẹun. A jẹ iyán lábẹ́ igi ọsàn. Nígbà tí a fọwọ́ tán, ó tún kán an sí i, ó lù ú jẹ́jẹ́ pẹ̀lú òòlù, ó fi sípánà sí i, ó rọra fà á. Ó dún kẹ́ẹ́, ó sì yí. Mọ́kálíìkì pariwo bí ẹni pé wọ́n ti bímọ fún un.

Afẹ́fẹ́ ló kù. Mọ́kálíìkì ṣàlàyé pé bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú páìpù, bíréèkì á rọ̀ bí ìrọ̀rí. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó níwájú, kó máa tẹ irin bíréèkì. Òun yóò wà nídìí táyà, yóò máa tú nọ́ọ̀tì kékeré kan kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹnìkẹta yóò máa bu òróró tuntun sí i lókè kó má bàa gbẹ. Ọkọ mi ni yóò máa bu òróró. Mo dìde pé èmi yóò tẹ irin náà.

Láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ohùn ìyá ọkọ mi dé. Ó ti ń wò wá láti àárọ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀gúsí.

"Aboyún lẹ fẹ́ fi tẹ irin?"

"Ìyá, kò le rárá," ni mọ́kálíìkì wí.

"Bí kò bá le, èmi ni yóò tẹ̀ ẹ́."

Ó gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó gbọn ìró rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó sì wọ inú mọ́tò tó ní òun kò ní fi ẹsẹ̀ kàn mọ́ láyé. Ó jókòó sí àyè dírẹ́bà, ó di ọwọ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ mú le koko bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́tò kò ní táyà. Ọkọ mi kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lé orí irin náà.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Ìyá. Ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀."

"Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀!"

"Ẹ má ṣèyọnu. Ẹ jẹ́ kó gòkè. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́."

Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa wo ìgò. Mọ́kálíìkì ti ki rọ́bà tóóró kan bọ ẹnu nọ́ọ̀tì náà, ó ki orí kejì bọ inú ìgò tí òróró wà. Nígbàkígbà tí ìyá bá tẹ irin, hóró afẹ́fẹ́ á ru jáde nínú ìgò. Mo jókòó lórí àpótí mi, mò ń ké, "Ó ń hó! Ó ṣì ń hó!" Mọ́kálíìkì á ké, "Ẹ tẹ̀ ẹ́!" Ìyá á dáhùn, "Mo tẹ̀!" Ọkọ mi á bu òróró sí i. Àwọn ará àdúgbò yọjú lórí ògiri láti wo ohun tí ìyá àgbà ń ṣe nínú mọ́tò aláìlẹ́sẹ̀.

A ṣe táyà kan, a bọ́ sí èkejì. Hóró ń dínkù. Nígbà tí a dé èyí tó gbẹ̀yìn, mo wo ìgò títí, kò sí nǹkan kan. Òróró náà ń jáde gbọọrọ, ó mọ́, kò ní hóró kankan.

"Kò hó mọ́," ni mo wí.

Ìyá ọkọ mi kò gbọ́ mi. Ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "ó ti le. Ó ń ti ẹsẹ̀ mi padà."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, Ìyá."

"Mo ní mò ń tẹ̀ ẹ́! Ó kọ̀, kò lọ!" Ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ó dìde lórí ìjókòó. Irin náà dúró gbọin. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, bí ọmọdé tó rí ohun ìṣeré, títí mọ́kálíìkì fi bẹ̀ ẹ́ pé ó tó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n dá àwọn táyà padà. Mọ́kálíìkì ló kọ́kọ́ wà á lọ sí ojú ọ̀nà, ó sáré, ó tẹ bíréèkì, mọ́tò dúró lójú ẹsẹ̀, eruku sì bò ó. Lẹ́yìn náà ló sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọkọ mi. Ọkọ mi dúró fún ìgbà díẹ̀ kó tó wọlé. Àwọn méjèèjì lọ sórí òkè náà, a kò sì rí wọn fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹ̀wù ọkọ mi ti tutù fún òógùn, ṣùgbọ́n ó ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́nu.

N kò ní ìsinmi púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́sẹ̀ kejì, lẹ́yìn tí a dé láti ilé ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, ìrora mú mi nídìí ààrò. Ìyá àgbà tó ń gbẹ̀bí wá, ó fi ọwọ́ yẹ ikùn mi wò fún ìgbà pípẹ́, ó sì fa ìyá ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Ohun tí mo gbọ́ ni igbe ìyá ọkọ mi láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀:

"Gbé mọ́tò jáde! Kí lo ń wò? Gbé mọ́tò jáde, Adó ni à ń lọ!"

Ọkọ mi ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní..."

"Ẹsẹ̀ mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́! Mo mọ̀ pé ó le!"

Ó gbé orí mi lé itan rẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò. Nígbà tí a dé orí òkè, mo di aṣọ rẹ̀ mú, mo pa ojú mi dé. Mo gbọ́ tó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Tẹ̀ ẹ́ báyìí." Mọ́tò náà rọra fà sẹ́yìn lábẹ́ wa. "Tún tẹ̀ ẹ́." Ó tún dínkù. A ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Nítòsí afárá, agbo ewúrẹ́ kan dà sójú ọ̀nà láti inú oko. Ọkọ mi tẹ bíréèkì, a sì dúró pátápátá. Àwọn ewúrẹ́ náà kọjá ní àkókò tiwọn. Láàárín ìrora mi, mo rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín.

Ìdí ni ọmọ náà fi kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe orí. Ó le, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì yá, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Kí oòrùn tó wọ̀, mo gbọ́ igbe rẹ̀. Obìnrin ni. Àgbà nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ká ní ilé ni mo wà ni, òun kò mọ ohun tí à bá sọ.

Mo béèrè ọkọ mi. Wọ́n ní ó ti sùn nínú mọ́tò níta, ó gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀, wọn kò lè jí i. Ìyá ọkọ mi ni wọn kò sì lè mú dákẹ́. Ó jókòó láàárín àwọn aboyún yòókù lórí bẹ́ńṣì, ó ń fi ẹsẹ̀ ṣàpèjúwe fún wọn bí wọ́n ṣe ń lé afẹ́fẹ́ jáde nínú bíréèkì. "Ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ó dì í mú. Bí kò bá tíì ti ẹsẹ̀ yín padà, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mọ́kálíìkì."

Nígbà tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, òwúrọ̀ tútù ni, ìrì ṣì wà lórí koríko. Ọkọ mi gbé ọmọ náà fún ìyá ọkọ mi, ó fi aṣọ tẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn fún mi. Ó béèrè bóyá kí òun rọra wà á. Mo ní kó wà á bó ṣe fẹ́. Mo fi ara ti ìjókòó, mo sì sùn láti Adó dé Ìyìn.